Abọ́ Tí Mo Fi Ṣe Èénì

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú wọn ṣì ń gbé láàárín wa, àwọn ọmọ wọn sì mọ ilé mi.

Ilé ìtajà ọ̀gá mi wà ní Bẹẹrẹ, ilé alájà kan tó dojú kọ títì. Abọ́ tánńganran, ìkòkò, àtùpà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì là ń tà. Orí àtẹ ní Ọjà'ba ni ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó gba ṣọ́ọ̀bù ní Gbági, kó tó wá kọ́ ti Bẹẹrẹ. Kò gbàgbé ibi tó ti wá. Ó gbẹ́ kànga sí Pópó Yemọja. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ òun ló kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kudeti. Àwọn ọmọ tó ń rán lọ sílé ìwé pọ̀ débi pé bí àwọn òbí wọn bá wá kí i láàárọ̀, oníbàárà kì í ráyè wọlé. Èmi náà jẹ nínú oore yẹn. Òun ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí bàbá mi kú.

Ọdún ìbò ni nǹkan yí padà. Àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ bá a, wọ́n á jókòó títí ọ̀sán á fi pọ́n. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó gbé abọ́ kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti ya àmì ẹgbẹ́ àwọn olóṣèlú náà sí inú rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni tó bá ra ọjà, èyí ni kó o fi ṣe èénì fún un."

Ta ni kì í gba èénì n'Íbàdàn? Ẹni tí a kò bá fi nǹkan díẹ̀ lé ọjà fún, kò ní padà wá. Torí náà gbogbo wọn gbà á, ti ẹgbẹ́ yìí àti ti ẹgbẹ́ kejì, ọwọ́ mi ni wọ́n sì ti gbà á. Ìyá àgbà kan láti Bẹyerunka yẹ tirẹ̀ wò, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí àwọn wọ̀nyí ò bá wọlé ńkọ́, ṣé ọbẹ̀ inú rẹ̀ ò ní kan?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Wọn ò wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n kéde èsì, èéfín ń rú lọ́nà Mápó. Èmi àti ọ̀gá mi nìkan la wà nínú ṣọ́ọ̀bù. A tìlẹ̀kùn. A gbọ́ orin, a gbọ́ ẹsẹ̀, òkúta sì ba ilẹ̀kùn.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, Àlàájì. Kì í ṣe ẹ̀yin là ń bá jà."

Ọ̀gá mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ọmọ mi ni wọ́n," ló ń sọ. "Ọmọ mi ni wọ́n."

Ohùn mìíràn dé láti ìta: "Obìnrin tó ń pín abọ́ dà? Ẹni tó ń fi èénì ra ìbò lọ́wọ́ àwọn ìyá wa."

Mo wojú ọ̀gá mi, mo ń retí kó sọ pé òun lòun rán mi. Kò wò mí. Ó fa ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn yọ.

Mo gba ẹ̀yìn sá. Ògiri kan ló wà láàárín wa àti agbo ilé kejì. Mo fò ó, mo fi orúnkún balẹ̀. Obìnrin kan ń fọṣọ. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn mi, ó rì í sínú omi ọṣẹ, ó da ìborùn bò mí, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n sí mi lẹ́yìn.

"Máa fọ̀ ọ́ lọ. Má gbójú sókè."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fò wọlé, igi lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá, ṣé obìnrin kan gba ibí?"

"Ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ ló gbà. Wá a débẹ̀, kó o sì bá wa da omi sí i tó o bá ń bọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí. Mo mọ̀ ọ́n: lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ló ra àtùpà lọ́wọ́ mi, abọ́ méjì ló sì fi agídí gbà. Ó wo ọwọ́ mi nínú ọṣẹ títí.

"Ẹ jẹ́ kó tètè kúrò ládùúgbò," ló sọ fún obìnrin náà, ó sì padà.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú. Nígbà tí ọ̀gá mi jáde, àwọn tó wá sun ilé rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí i. Wọ́n ní, "Ẹ sún kúrò, Bàbá, kí iná má bàa jó yín." Wọ́n gbé àga fún un lódìkejì títì, ó sì jókòó, ó ń wo ilé rẹ̀ bó ṣe ń jó.

Kò pẹ́ tó fi di ọ̀rẹ́ àwọn tó wọlé. Ó tún ilé náà kọ́, ó sì rán ẹnì kan wá bá mi pé kí n padà síṣẹ́. Mo bi ìránṣẹ́ náà bóyá ọ̀gá ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lòun ní kí n pín abọ́.

"Abọ́ wo?"

Mo ní kó bá mi kí ọ̀gá, kó sọ pé ara mi ò yá.