Kàsímù Nínú Oko Ẹ̀kan

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Kàsímù Odùbánjọ fi ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ akẹ́rù lójú òkun. Nígbà tó padà sí abúlé wọn lẹ́bàá Ajah lọ́dún 1972, irun rẹ̀ ti ń funfun, ìyá rẹ̀ ti kú, oko ìyá rẹ̀ sì ti di ilé koríko ẹ̀kan. Làtífátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló mú un débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ibí ni Màmá ti ń gbin ẹ̀gẹ́," ni Làtífátù wí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹja tí mò ń yan kò jẹ́ kí n ráyè."

Ẹ̀kan ti tanná. Funfun báláú ni, ó lọ salalu títí dé ìdí àwọn àgbọn tó wà lọ́nà òkun. Afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sápá kan, ó tún rọra dìde. Lójú Kàsímù, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ náà ń mí. Ó dúró síbẹ̀ títí Làtífátù fi pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Kàsímù fẹ́ tún oko náà dá, wọ́n sì sọ fún un pé iná ni oògùn ẹ̀kan. Ó dáná sun ún lẹ́ẹ̀rùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ewé tuntun tún yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ó gbé ọkọ́, ó ń wú u, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó bá gé sí méjì, méjèèjì ló ń hù. Ọwọ́ rẹ̀ bó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀," ni Tàjùdéèn tí oko wọn jọ pààlà wí. "Ẹ̀kan kì í kú. Ẹni tó ń bá a jà ló ń kú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rẹ Kàsímù. Ó tẹ́ tápólì, aṣọ nínípọn tí wọ́n fi ń bo ẹrù nínú ọkọ̀, sórí ẹ̀kan, ó sùn. Ìró koríko àti ìró òkun dàpọ̀ mọ́ra létí rẹ̀, kò mọ èwo ni èwo. Ó lá àlá pé ìyá òun ń kọjá nínú òdòdó funfun náà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ké sí i. Ìyá náà ń rìn lọ jẹ́jẹ́. Nígbà tó jí, ara rẹ̀ gbóná. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ilé, ibà sì dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù kan gbáko.

Ọjọ́ tó tún dé oko, tápólì wà níbi tó gbàgbé rẹ̀ sí. Ó ká a nílẹ̀. Ẹ̀kan abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti rọ. Ó fà á, gbòǹgbò rẹ̀ bá a wá wẹ́rẹ́.

Ó sáré lọ bá Làtífátù nídìí ààrò ẹja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀kan abẹ́ tápólì mi ti rọ, kò lè gbé inú òkùnkùn!"

"Ta ni yóò wá ra tápólì bo gbogbo oko?"

"Ewé ni a ó fi bò ó. Ọ̀dùnkún."

Làtífátù wò ó pẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó bá a ru ìtàkùn ọ̀dùnkún lọ sóko. Kàsímù wú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣa gbòǹgbò kúrò, ó sì gbin ìtàkùn súnmọ́ ara wọn kí oòrùn má ráyè wọlé. Òjò ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀kan borí. Òjò ọdún kejì, ẹ̀kan àti ọ̀dùnkún jọ ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́dún kẹta, ewé ọ̀dùnkún tẹ́ rẹrẹ, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù, ó dúdú.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wa ọ̀dùnkún náà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kéré, ẹ̀kan sì ti gún òmíràn wọ inú. Làtífátù kò tilẹ̀ wo ọ̀dùnkún. Iyẹ̀pẹ̀ ló bù sọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti rò pé mi ò ní rí ilẹ̀ yìí mọ́," ló wí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Kàsímù gbin ẹ̀gẹ́ sí apá kan. Ẹ̀kan ṣì kù létí ààlà Tàjùdéèn, nítorí náà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Kàsímù a gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, kò kánjú, a máa wú u lọ jẹ́jẹ́ títí oòrùn yóò fi mú.