Àwòrán Márùn-ún Tí Mi Ò Fẹ́ Jù Nù

Òórùn iṣu tútù àti erùpẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ọjà Ìpàtà, ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n tí o bá gba ẹ̀yìn àwọn oníṣu gun àtẹ̀gùn dé òkè, òórùn mìíràn ni wàá gbọ́: òórùn wáyà tó ti gbóná, bí ẹni pé wọ́n gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù oní-fídíò kan nìyẹn. Òun ló máa ń ya fídíò ìgbéyàwó àti wòlímọ̀ fún gbogbo àdúgbò wa kí fóònù tó sọ gbogbo ayé di oní-fídíò. Ibẹ̀ ni mo gbé ìyàwó mi lọ lẹ́yìn tó ti kú. Inú fóònù mi ló wà.

Ọ̀rọ̀ náà ò le púpọ̀. Ìyàwó mi ti dàgbà, ó ti bímọ tán, àwọn ọmọ ti kúrò nílé, kó tó padà sí ilé kéwú àwọn obìnrin, tó sì ka Kùránì parí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi kéwú lé e lẹ́nu ní kékeré, lábúlé wọn ní Màlété, kí òwò tó gba wàláà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ń dun ìyá, kò lè wá. Ìyàwó mi ní kò burú, òun á lọ kà á fún wọn nílé. Àìsàn ò jẹ́ kó lọ. Nígbà tí a sin ín tán, ohun kan ṣoṣo ni ìyá bi mí: "Àna mi, ṣé lóòótọ́ ló parí ẹ̀?" Mo ní ó parí ẹ̀, fídíò ẹ̀ wà, mo sì na fóònù sí i. Ojú rẹ̀ ò ká a. Ó ní bí eṣinṣin ni òun ń rí i, pé ohùn rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ibi tí ohùn ń gbà jáde lára fóònù ti bàjẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo bàjẹ́; mo ti pa ohùn náà kí n tó nà án sí i. Ìyá wá nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n ńlá àti ẹ̀rọ díìfídì tí ọmọ rẹ̀ rà fún un. "Ẹ bá mi gbé e síbẹ̀. Kí n gbọ́ ọ, kí ọkàn mi balẹ̀."

Jẹ́ kí n sọ irú akọni tí mo jẹ́ fún ọ. Mo lè ki orí bọ abẹ́ àpò àgbàdo níwájú gbogbo Ìpàtà, kí n sì gbé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti sin obìnrin yẹn, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ fóònù ara mi kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ajá onílé kọjá. Mo ń sùn ní pálọ̀ nítorí yàrá ti tóbi jù. Tí mo bá se ìrẹsì, ti ẹni méjì lọwọ́ mi mọ̀ ọ́n sè, màá sì máa jẹ ẹ́ títí yóò fi kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é," oní-fídíò wí.

"Rárá. Fọ̀nà hàn mí, èmi ni màá ṣe é."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wò ó bóyá iṣu ti jinná?"

"Iṣu tí mo bá tẹ̀, ó máa ń jinná."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé. Ó ní fídíò kì í ṣe nǹkan kan ju àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ lọ, tí wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ara wọn títí ojú á fi rò pé èèyàn ló ń rìn. Ọgbọ̀n ni fóònù mi ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ ìyá, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló mọ̀ ọ́n gbé. Tí a bá ti ọgbọ̀n sí i lẹ́nu, á máa ta gìrì, á máa há.

"Báwo la ó wá ṣe é?"

"Ẹ ju márùn-ún nù. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ àwòrán márùn-ún. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Mo wò ó. Ìyàwó mi ni oní-fídíò ní kí n máa yọ níwọ̀n márùn-ún márùn-ún, kí n máa dà á sí ààtàn. Èmi tí gèlè rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí mi ò lè ká.

"Ọ̀nà mìíràn ò sí?"

"Ó wà. Ẹ lè na gbogbo ẹ̀, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ìkankan ò ní sọnù, àmọ́ ohùn…"

"Dákẹ́. A ó nà án."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ti pa ohùn kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, ìyàwó mi ń gbé orí sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ṣí ìwé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ tètè lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé Màlété, ìyá ṣe àlùwàlá, ó jókòó sórí ẹní. Mo ki àwo díìfídì tí a gbé fídíò náà sí bọ ẹ̀rọ, mo sì sá sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, mo ní mò ń tún wáyà ṣe. Ohùn tó jáde wúwo, ó ki, bí ti ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo yọjú. Ìyá ti na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń ká ìka lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó ń kọ́ni ní kéwú ṣe máa ń ṣe, nítorí gbogbo ibi tí a ti ń fa ohùn ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìka rẹ̀ ti ká tán, ohùn ṣì ń fà lọ. Ó tún un ká. Ohùn ṣì ń fà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí itan.

"Àna, ta nìyí?"

"Màmá, ọmọ yín ni."

"Ọmọ mi kọ́. Mi ò kọ́ ọmọ mi kó máa wọ́ Kùránì nílẹ̀ báyìí. Ẹ pa á." Ó yíjú sí mi. "Ṣé ó parí ẹ̀ lóòótọ́, àbí ẹ kàn ń tù mí nínú?"

Nínú ọkọ̀ tí mo bá padà sí Ìlọrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì di àwo náà mú láyà bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó ti kan.

"Ṣebí mo fẹ́ sọ fún yín pé ohùn náà á nà, ẹ ní kí n dákẹ́," oní-fídíò wí nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo ní kí o dákẹ́, o sì dákẹ́! Ìgbà wo lo di ẹni tó ń gbọ́ràn?"

Ó na íápíìsì sí mi. "Ẹ fi sétí, Ẹ̀gbọ́n. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Etí ló máa mọ̀ ọ́n."

Mo fi í sétí bí ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ ihò. Ìyàwó mi kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ó máa ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ. Lẹ́yìn náà ló ní Bísímílàhì. Oní-fídíò yíjú sí ògiri, ó ń ka kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, títí mo fi nu imú mi tán. Mo wá tẹ ibi tó ní kí a yọ márùn-ún. Nígbà tó parí, mo wá ibi tí a ti yọ wọ́n títí, mi ò rí ihò kankan lójú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni mo jókòó sí, lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ó ká ìka rẹ̀. Ibi tí ìka parí sí ni ohùn dúró. Ó tún un ká, ohùn tún dúró. Ó dé ibì kan, ọmọ gbàgbé, ó dákẹ́. Ìyá fi ọ̀rọ̀ tó kàn sí i lẹ́nu láti orí ẹní, ìyàwó mi sì gbà á lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń kà lọ títí ó fi parí, tí àwọn obìnrin kígbe Àláhù Àkúbárù.

"Àlùhámúdúlílàhì. Ó parí ẹ̀," ìyá wí. Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Ibẹ̀ yẹn ló ti máa ń gbàgbé láti kékeré. Orí kunkun."

"Ó lórí kunkun títí dọjọ́ ikú, Màmá. Kò jẹ́ kí n fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ rí."

"Èmi ni mo kọ́ ọ níyẹn," ó wí, a sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí àwo parí, kò sẹ́ni tó dìde nínú wa láti pa tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ tirẹ̀, mo sọ tèmi, títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.

Mi ò mọ ohun tó wà nínú àwọn àwòrán tí mo jù nù, mi ò sì wá wọn mọ́. Níbi tí mo ti ń ṣọ́ wọn kí ìkankan má bọ́, ohùn rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nù, òun àti ìyá tó bí i. Ilé mi ṣì dákẹ́, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti rò pé èmi nìkan ni ikú yẹn fi sílẹ̀ sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, láìmọ̀ pé obìnrin arúgbó kan jókòó sínú tirẹ̀ ní Màlété. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wa ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́.