Ìyàwó Mi Kọjá Nínú Fíìmù

Ìyàwó mi máa ń sọ pé òun ti ṣe fíìmù rí nígbà tí òun wà lọ́mọge. Èmi a ní, "Ìwọ àti ta ni?" Ó kú kí n tó gbà á gbọ́. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ nílé wa ní Dàda Estate, ṣùgbọ́n a ò ní ohùn rẹ̀ níbì kankan.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin wa rí fíìmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyá ìyàwó mi wá láti Iléṣà, àwa mẹ́ta sì jókòó ti fóònù. Ìtàn bíríkìlà kan ni, tí ọ̀gá rẹ̀ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó. Èkó ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n wọ́n sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ìyá ní, "Èkó wo ló ń sá kòkó? Ẹ̀yìn ilé wa nìyẹn!"

Fíìmù náà ń falẹ̀. Bíríkìlà ń sunkún ṣáá. Mo ti ń rò pé wọ́n ti yọ ìyàwó mi kúrò.

Ni ọ̀gá bá fìbínú dìde. "Ọ̀lẹ! Kúrò níwájú mi!" Ọmọge kan gbé igbá ọsàn, ó ń kọjá lẹ́yìn wọn. Ìyàwó mi ni. Kó ṣáà ti kọjá ni iṣẹ́ tí wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó jẹ́ àgbàlagbà, ó sì kúnlẹ̀ tòun tigbá lórí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Ọsàn kan jábọ́. Bíríkìlà dákẹ́ ẹkún, ó bá a mú un. Ọ̀gá ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Wàá tajé o." Lẹ́yìn náà ló tó kọjú sí bíríkìlà: "Mo ní kúrò níwájú mi!" Ìyẹn sì bú sẹ́kún padà.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá ní, "Ẹ̀rín kí lẹ̀ ń rín? Ṣé kó kọjá lára àgbàlagbà bí ewúrẹ́ ni?"

Mo ní fún ọmọ mi, "Dá fíìmù náà padà sẹ́yìn." Ó dá a padà. "Tún un dá padà."

"Dádì, dátà ń lọ o."

"Jẹ́ kó lọ."

Mo ní kó bá mi fi ohùn yẹn sórí fóònù mi, kó máa dún bí ẹnikẹ́ni bá pè mí. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan pè mí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Awakọ̀ dáhùn, "Ooo, ẹ ṣé o, àǹtí!" Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú dáhùn.

Mi ò tètè gbé e.