Wọ́n Ní Àwọn Ń Bọ̀ Wá Ka Ìwé

Pà! Pà! Bí Màmá tó ń ṣí láíbìrì àdúgbò wa ṣe máa ń fi ìwé méjì lu ara wọn nìyẹn, kí eruku ọyẹ́ lè jáde nínú wọn. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Yóò di ojú, yóò sì dá èémí dúró. Eruku náà á gbéra, á fò lọ sórí àpáta tí àwọn obìnrin àdúgbò wa ń sá ẹ̀gẹ́ sí, wọn á sì pariwo láti ọ̀hún: "Màmá, ẹ tún ti da eruku ìwé sínú èlùbọ́ wa o!"

Òun náà á dáhùn láìyíjú padà: "Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí yín á pé."

Bí mo bá ti gbọ́ ìró yẹn láti ilé wa, mo ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn láíbìrì ti ṣí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ní Ọ̀kà.

Ìyá yìí kọ́ ni ọ̀gá ibẹ̀. Agbálẹ̀ ni káńsù gbà á sí. Ọ̀gá tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìkàrẹ́ ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀, ni kọ́kọ́rọ́ bá kù sọ́wọ́ agbálẹ̀. Arìgìdì ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí àdúgbò wa. Èdè ilé wọn ló gbọ́ dàgbà. Ó sọ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń rọra sọ ọ́ bí ẹni ń gun òkè. Kò mọ̀wé kà. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì fi pa mọ́. Síbẹ̀, bí o bá ní ìwé tó ní àwòrán ẹja ni o ń wá, kò ní bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀. Yóò fọwọ́ kan àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan iṣu, yóò sì fa èyí tí o fẹ́ yọ.

Yàrá kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú tábìlì gígùn kan, bẹ́ǹṣì mẹ́rin àti pẹpẹ onígi mẹ́ta. Ó fi agolo mílíìkì sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn pẹpẹ náà, ó bu kẹrosíìnì sínú wọn kí ikán má baà gùn wọ́n. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ ló ń ki sáàárín ìwé. Bí ìwé kan bá já, yóò se sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lórí iná èédú lẹ́yìn ilé, yóò gé bébà àpò sìmẹ́ńtì, yóò sì fi lẹ ẹ̀yìn ìwé náà. A ní ìwé tó jẹ́ pé sìmẹ́ńtì nìkan ni orúkọ tó kù lára rẹ̀.

Ohun tó mú mi rántí gbogbo èyí ni pé wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yàrá yẹn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Káńsù ní owó kò tó mọ́, pé gbogbo ẹ̀ka láíbìrì àdúgbò ni àwọn máa tì, ti àárín ìlú nìkan ni yóò kù. Àwọn olùkọ́ méjì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n pín bébà fún àwa tí a ti lo ibẹ̀ rí, kí a fi orúkọ wa, ilé wa àti nọ́ńbà fóònù wa sí i, kí oníkálukú sì gba ti àwọn ará ilé tó yí i ká. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbé e lọ. Bí orúkọ kò bá pọ̀, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó nílò ibẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bébà tèmi ti wà lábẹ́ aṣọ tábìlì, láìsí orúkọ kan lórí rẹ̀. Káńsù yẹn náà ló gbà mí síṣẹ́. Èmi ni mò ń fún àwọn aláìsàn ní káàdì ní ilé ìwòsàn wọn. Èyí nìkan ì bá tó mú èèyàn ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí àwọn ajínigbé gbé mi, tí mo ń ti Epinmi bọ̀, ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò nínú igbó. Ọ̀kan nínú wọn fa bébà yọ lápò, ó ka orúkọ mi láti orí rẹ̀, ó sì ka nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó kọ ọ́ fún wọn. Láti ìgbà náà, n kì í kọ orúkọ mi sí bébà tí n kò mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fẹ́ ti yàrá yẹn. Mo wà níbẹ̀ nígbà ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ajé kan ni ìránṣẹ́ káńsù gun kẹ̀kẹ́ dé. Kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, èkejì wà lórí kẹ̀kẹ́.

"Màmá, ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ń bọ̀ wá ka ìwé ní Ọjọ́bọ̀."

"Wọ́n ń bọ̀ wá ka ìwé? Níbí?"

"Níbí ni, Màmá. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kà."

"Gbogbo rẹ̀! Lọ́jọ́ kan ṣoṣo?"

"Iṣẹ́ wọn ni." Ó sì yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí Màmá gbọ́ lèmi náà gbọ́. Kò wá sí wa lọ́kàn pé wọ́n fẹ́ ka ìwé bí àgbẹ̀ ṣe ń ka iṣu kí ó tó dì í sínú ọkọ̀.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ilé. Èmi ni mo ń tẹ̀ lé e. "Àlejò ń bọ̀ láti Ìkàrẹ́ wá kàwé lọ́dọ̀ wa," ni yóò wí. "Bí wọ́n bá bá ibẹ̀ ní òfìfo, ojú á tì wá. Ẹ gbé àpótí ìjókòó dání o, bẹ́ǹṣì ò ní tó."

Télọ̀ tó wà ní ìdojúkọ wa ní aṣọ aláṣọ wà lọ́wọ́ òun. "Ẹ gbé e dání, ẹ rán an níbẹ̀," ni Màmá wí. Àáfáà ní òun kò lè wá àfi lẹ́yìn ìrun àsárì. "Wọ́n á ṣì wà níbẹ̀, Àáfáà. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ làwọn máa kà." Bàbá àgbẹ̀ kan, tí ń gbẹ́ èèkù ọkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ìwọ ìyàwó yìí! Èmi tí n ò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà?"

"Bàbá, ṣé èmi mọ̀ ọ́n ni? Ẹ ṣáà wá."

Nígbà tí ọkọ̀ káńsù dé ní Ọjọ́bọ̀, ooru èèyàn ti kún yàrá náà. Àwọn kan jókòó sí ojú fèrèsé. Òórùn kẹrosíìnì, ewé dóńgóyárò àti ọṣẹ ìwẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, nítorí àwọn ará oko ti wẹ̀ kí wọ́n tó wá. Màmá ti pín ìwé. Kò sí ẹni tí kò ní ọ̀kan lọ́wọ́, pẹpẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣófo. Ọ̀gá káńsù wọlé, ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò àti okùn.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn o!" Gbogbo wa dìde.

Ọ̀gá náà dúró sójú kan. "Màmá, kí ni gbogbo èrò yìí ń ṣe níbí?"

"Wọ́n wá bá yín kàwé ni."

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé àpò lu itan rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá! Kàwé! Kàwé ni wọ́n gbọ́!"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò dùn mọ́. "Màmá, iye wọn la wá kà. A máa kó wọn lọ sí Ìkàrẹ́ ni. Agbára káńsù ò gbé ibí mọ́. Wọ́n sì sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀."

Mo wo ojú Màmá. Ó wo àpò, ó wo okùn, ó wá wo gbogbo wa níbi tí a jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì fi ìborùn bò ó.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ni gbogbo wọn wà. Ẹ máa gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàbá àgbẹ̀ ni ọ̀gá kọ́kọ́ kàn. "Bàbá, ẹ dorí ìwé yẹn kodò."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ṣubú ni."

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ n gbà á, Bàbá."

"N ò tíì kà á tán."

Ẹ̀rín tún sọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá fi í sílẹ̀, ó wá kan èmi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ ọ́n kà, àbí ìwọ náà ń wò ó bóyá wọ́n á ṣubú?"

Mo wo ilẹ̀kùn, èrò ti dí i. Màmá bọ́ sẹ́yìn mi. "Kà á fún un," ló wí.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi já ní ìlà kejì, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ṣi ọ̀rọ̀ méjì pè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Télọ̀ pàápàá dá ẹ̀rọ tó gbé wá dúró. Nígbà tí mo dé ìparí ojú ewé náà, tí mo rò pé ó tó, ọwọ́ Màmá wá láti ẹ̀yìn, ó ṣí ojú ewé tó kàn fún mi. Mo kà á. Ó tún ṣí òmíràn. Ní ojú ewé kẹrin, ọ̀gá ti fa ọwọ́ tó nà sí mi padà, ó sì ti jókòó sórí àpótí tí Àáfáà kò tíì wá jókòó sí.

Kí wọ́n tó lọ, ó ní òun máa sọ ní Ìkàrẹ́ pé àwọn kò bá ìwé kankan lórí pẹpẹ. Àpò òfìfo ni wọ́n gbé padà. N kò mọ bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò padà wá, ìyá náà sì ń ṣílẹ̀kùn yẹn lójoojúmọ́ títí tí mo fi jáde ilé ìwé girama.

Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà tí mo bi í pé, "Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ kò mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe?"

Ó ń fi ìka pa sítáàṣì sára ìwé lọ́wọ́. "Ẹ̀yin Yorùbá lẹ ń fi ọ̀rọ̀ kan jẹ́ iṣẹ́ méjì. Èmi mú èyí tó wù mí nínú méjèèjì."

"Ẹ̀rù ò wá bà yín nígbà tí ẹ rí okùn?"

"Ó bà mí. N ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn." Ó tẹ bébà náà mọ́ ìwé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. "Di etí ibẹ̀ mú fún mi, kó má ká."

Ó ti pẹ́ tí ó ti kú. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń sọ pé mo gboyà láti jáde láàyè nínú igbó yẹn. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe, mo sì ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà. Fún ọdún púpọ̀ ni mo ti ń dúró kí ìbẹ̀rù yẹn tán kí n tó tún máa ṣe bí èèyàn láàárín èèyàn. Mo ti wá rí i pé ìyá tó tọ́ mi sọ́nà kò dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló fi ń ṣí ìwé fún mi.

Ní ọ̀sán òní, mo fa bébà náà jáde lábẹ́ aṣọ tábìlì. Mo kọ orúkọ mi sí ìlà àkọ́kọ́. Mo kọ ilé mi. Ó pẹ́ kí n tó kọ nọ́ńbà fóònù mi, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wọ bàtà, mo mú bébà náà dání, mo rékọjá sí ilé tó kọjú sí tiwa, mo sì kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" ni wọ́n béèrè láti inú ilé.

Mo dárúkọ ara mi àti ti bàbá mi, sókè, kí ilé kejì náà lè gbọ́.