Àfi Tí Kòmándà Bá Ní Ká Yí

Ìfọ́tí ni wọ́n fi dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tutọ́ ẹ̀jẹ̀. Mo ti ń wúkọ́ tipẹ́, mo ń rù, òógùn sì ń bò mí lójú oorun, ṣùgbọ́n ta ni kì í rù lọ́gbà ẹ̀wọ̀n? Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sí Kòmándà kó rí i. Ó gbá mi létí.

"O fẹ́ kó bá wa, àbí? Gbé e mì!"

Ẹlẹ́wọ̀n bíi tiwa ni Kòmándà, kì í ṣe wọ́dà. Òun ni olórí sẹ́ẹ̀lì wa, àwọn wọ́dà ló sì fi bẹ́líìtì lé e lọ́wọ́ kó máa fi bá wọn kápá wa. Pánẹ́bítà ni èmi, Ìgàndó ni mo ń gbé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkòtún, ọlọ́pàá kó ẹni tó jà, wọ́n kó ẹni tó ń wòran, wọ́n sì kó èmi tí mo wá ra ọ̀dà mọ́tò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé mi dé kóòtù, wọ́n á ní ó dìgbà mìíràn. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà!

A pọ̀ ju ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Bí àwọn kan bá ń sùn, àwọn yòókù á wà lórí ìdúró, ọ̀sán sì ni ìpín tèmi. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la fi ń sùn, wọ́n á tò wá bí ìdì igi, ojú ẹnì kan á kọ sí ìpàkọ́ ẹnì kejì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá yí. Àfi tí Kòmándà bá pariwo pé "Ẹ yí!" ni gbogbo wa á tó yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wúkọ́ ti da oorun rú, irin orí bẹ́líìtì ni wọ́n á sì fi lù ú. Ó ya ẹ̀yìn mi yánnayànna. Mo wá ń ki aṣọ bọ ẹnu kí n tó wúkọ́.

Ìgbà tí mo ṣubú níbi tí wọ́n ti ń kà wá ni wọ́n tó gbé mi lọ sí kílíníìkì. Wọ́n so ẹsẹ̀ mi mọ́ bẹ́ǹṣì, mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin tó ní sùúrù, ló gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi sínú ike, wọ́n sì ya àwòrán àyà mi. Ikọ́ ife ni. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń fà á, ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí ló sì máa ń jẹ. Afẹ́fẹ́ ẹni tó ń wúkọ́ ló ń gbé e kiri. Kì í ṣe abọ́, kì í ṣe ṣíbí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Ibi tí èrò pọ̀ sí tí fèrèsé ò sí ló fẹ́ràn jù.

"Oṣù mẹ́fà lẹ máa fi lo oògùn yìí," nọ́ọ̀sì sọ fún mi. "Ara yín á kọ́kọ́ yá, ẹ má jẹ́ kó tàn yín, ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró. Oògùn náà á sì mú kí ìtọ̀ yín pọ́n. Ẹ má fòyà."

Èmi ò fòyà, sẹ́ẹ̀lì ló fòyà. Inú báàkẹ́ẹ̀tì kan ni gbogbo wa ń tọ̀ sí. Kòmándà rí ìtọ̀ pupa, ó ní mo ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ètùtù láti pa wọ́n. Wọ́n tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbá mi ní ìpá títí mo fi gbọ́ tí egungun ìhà mi dún. Kòmándà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tún gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ni ikọ́ bá gbé e. Ohun tó dà sí mi lójú lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni.

"Ẹni tó bá sọ ọ́ síta, mo máa pa á," ló wí.

Nígbà tí mo padà lọ gba oògùn, nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó tún ń wúkọ́ lọ́dọ̀ wa. Òfófó ni sẹ́ẹ̀lì ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe é. Mo sì kórìíra Kòmándà dé eegun. Ọkàn mi ní kí n dákẹ́, kó kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ni gbogbo wa ń fà símú, tí mo bá sì yè tán, òun náà ló máa tún kó o ràn mí. Mo dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀mí mi ni mo ń gbà là jàre, kì í ṣe tirẹ̀.

Wọ́n fún un ní oògùn. Ó ń fi í sábẹ́ ahọ́n, ó sì ń tu ú dà sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ó ti nà mí nítorí ìtọ̀ pupa, ojú ń tì í kí tirẹ̀ náà pọ́n.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e mì."

Bẹ́líìtì ló fi dá mi lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a dùbúlẹ̀, à ń retí àṣẹ. Ìhà mi tó dá ló wà nísàlẹ̀. Apá mi kú, omi ń dà lójú mi, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń kérora, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó yí. Kòmándà jókòó ti ògiri, ó la ojú sílẹ̀, bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí eṣinṣin bà lé ẹyinjú rẹ̀ tí kò ṣẹ́jú la tó mọ̀ pé àṣẹ òkú la ń retí.

Inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́. Mo yí, ó tán.

Nígbà tó yá, kóòtù tú mi sílẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó wá bá mi rojọ́. Ilé ni mo ti parí oògùn mi. Ìyá Ṣadé, ìyàwó mi, ló ń jí mi lò ó láràárọ̀, kò jẹ́ kí n fo ọjọ́ kan. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, kòkòrò ti tán níbẹ̀. Tí ẹ bá ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Tí ẹ bá sì ní èèyàn lẹ́wọ̀n, oúnjẹ nìkan kọ́ lẹ máa gbé lọ, ẹ béèrè bóyá ó ń wúkọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi náà, ara tí wọ́n lù tó báyìí tí kò kọ̀ mí sílẹ̀. Ìhà mi ṣì ń dùn mí tí mo bá mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń mí kanlẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, a jẹun ọ̀sán tán, èmi àti ìyàwó mi sùn. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí.

"Bàbá Ṣadé, ẹ yí, ẹ ti há mi mọ́ ògiri."

Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti yí, mo sì ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ìpàkọ́, mo ń retí bẹ́líìtì. Ọwọ́ rẹ̀ ló bà lé mi lẹ́yìn.