Kásìkì Dúdú tí Mo Rà ní Savalou

Àgbàdo tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní òórùn tirẹ̀. Ó máa ń gbóná, ó máa ń dùn díẹ̀ nímú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ títí dọjọ́ kejì. Òórùn yẹn ni mo fi ń rántí bírò wa ní Savalou. Lẹ́yìn ògiri tí mo kọ ẹ̀yìn sí ni ẹ̀rọ ìlọta wà, tí àwọn obìnrin to abọ́ síwájú rẹ̀ láti ìdájí. Ní ọwọ́ òsì wa, jórinjórin kan ń jó irin, ó ń fi òòlù lù ú, ó sì ń kọrin sí i. Nínú bírò fúnra rẹ̀, tapurétà tí a fi ń tẹ̀wé ń ta pàrà bí òjò orí páànù. O rántí àsìkò tí mò ń wí: nígbà tí gbogbo èèyàn bírò ń pe ara wọn ní kamaráàdì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ bú ọ pàápàá á kọ́kọ́ pè ọ́ ní kamaráàdì kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, tí ìyá onílé mi kí mi káàbọ̀, igbe ni mo fi ń dá a lóhùn, bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ tó ti kọjá lọ.

Iṣẹ́ omi ni bírò wa ń ṣe. Wọ́n ń gbẹ́ kànga oní-pọ́ǹpù fún àwọn abúlé tó wà láti Savalou títí dé ìkangun Bantè. Ọ̀gá wa jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó wá láti ìhà etí òkun, aláàánú èèyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Yóò gun alùpùpù, yóò so rédíò agbohùnsílẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò lọ bá àwọn ará abúlé ṣèpàdé, yóò sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Òun kò gbọ́ èdè Ìṣà tiwa rárá. Nínú bírò yẹn, èmi ọmọ Bantè nìkan ni mo gbọ́ ọ, tí mo sì tún mọ Faransé í tẹ̀. Nítorí náà, èmi ni mò ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, tí mò ń sọ ọ́ di Faransé lórí ìwé. Iṣẹ́ tó wù mí ni. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò ní Bantè pé ọmọ òun ní àga tirẹ̀ ní bírò.

Kásẹ́ẹ̀tì ìpàdé Akpassi ló fẹ́ gba àga náà lọ́wọ́ mi. Bí ọ̀gá ṣe gbé e lé tábìlì mi, ó ní, “Àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Mo rí ẹnu wọn tó ń mì, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bá mi wá a jáde.” Mo fi í sínú ẹ̀rọ tí bírò fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, mo tẹ etí mọ́ ọn. Ohùn àwọn ọkùnrin ń jáde, ohùn ògbufọ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n ti àwọn obìnrin dà bí ìgbà tí eku ń rìn nínú àjà. Bí ẹ̀rọ ìlọta bá sinmi, jórinjórin á gbà á. Ẹ̀rọ bírò kò sì gbọdọ̀ jáde ní bírò, àṣẹ ni. Mo tẹ ohun tí mo gbọ́, mo fi àyè funfun sílẹ̀ fún èyí tí n kò gbọ́. Mo lè fi ọ̀rọ̀ ti ara mi dí i, kò sẹ́ni tí ìbá mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tèmi náà ti pọn omi odò rí, mi ò lè fi ẹnu mi sọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń pọn ọ́n.

Ọ̀gá gbé ìwé náà sókè sí ojú fèrèsé. “Kamaráàdì, ìwé yìí ti di asẹ́.” Ó ní àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Cotonou láti fọwọ́ sí ibi tí wọ́n máa gbẹ́, àti pé bí n kò bá lè ṣe é pé kí wọ́n tó dé, òun á ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀wé mìíràn ránṣẹ́. Kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Mo ti rí nǹkan kan létí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń wá lo ìsinmi: rédíò kékeré oníkásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi kọ́ ìgbànú, àti ohun tí wọ́n fi ń bo etí gbọ́ ọ, tí gbogbo wa ń pè ní kásìkì bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Mo rò ó pé bí ó bá lè gbé orin lọ sínú etí èèyàn láàárín ọjà, á gbé ọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀sán, mo gba ojú ọ̀nà ọjà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alájì kan tó wá láti ìhà Ìṣẹ́yìn. Ó ti pẹ́ ní Savalou débi pé ó ń fi Mahi, èdè ìlú náà, ná ọjà, ó ń fi Faransé ṣẹ̀fẹ̀, ó sì ń fi Yorùbá bínú.

“Ẹ kú ọjà, Alájì. Rédíò kékeré tí wọ́n ń fi sétí ni mo fẹ́ rà.”

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Orin ta lo fẹ́ràn?”

“Kì í ṣe orin, sà. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá Akpassi ni mo fẹ́ gbọ́.”

Ó wò mí títí. “Àwọn ìyá Akpassi ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù?”

Nígbà tí mo ṣàlàyé, tí ó sì rẹ́rìn-ín tán, ó gbé méjì sílẹ̀. Àkọ́kọ́ pupa bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Iná wẹ́wẹ́ ń jó níwájú rẹ̀, kásìkì rẹ̀ jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní fóòmù kékeré méjì létí. Èkejì dúdú, ó wúwo bí bíríkì, igun rẹ̀ kan sì ti bó. Kásìkì tirẹ̀ tóbi, ó ní awọ rọ̀bọ̀tọ̀ tó bo etí mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìwọ náà mọ̀ mí, pupa yẹn ni ọkàn mi ti lọ. Alájì fi kásẹ́ẹ̀tì wáàsí tirẹ̀ sí i, mo gbọ́ ọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì dùn, pupa tiẹ̀ dùn jù. Mo ti ń na ọwọ́ sí i nígbà tí Alájì mi orí.

“Inú ilé kọ́ la ti ń dán agboorùn wò. Níbo ni ariwo yín wà?”

Mo ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ni. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó bo ọjà rẹ̀ láṣọ, ó kó rédíò méjèèjì sí abíyá, a jọ lọ.

Ǹjẹ́ o lè fojú inú wò ó? Èmi rèé láàárín àwọn obìnrin tó ń dúró de ìyẹ̀fun, lẹ́búlẹ́bú àgbàdo ti bò mí lójú, Alájì sì dúró tì mí pẹ̀lú fìlà funfun bí dókítà tó ń yẹ aláìsàn wò. Mo fi pupa sétí. Ẹ̀rọ ìlọta gba inú fóòmù wọlé, ó gbé wáàsí mì. Mo yí ohùn sókè, ó dun mí létí, síbẹ̀ n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo wá fi dúdú sétí. Bí awọ yẹn ṣe bo etí mi, ó dà bí ẹni pé wọ́n ru ẹ̀rọ ìlọta lọ sí Atokoligbé, ìhà Bantè lọ́hùn-ún. Mo ń gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n ohùn oníwáàsí wà nítòsí mi, títí kan bí ó ṣe ń dá itọ́ mì.

“MO GBỌ́ Ọ!” Mo kígbe láìmọ̀. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fi Mahi béèrè lọ́wọ́ Alájì bóyá etí mi ti ń dí tipẹ́.

Síbẹ̀, ojú mi ṣì ń wo pupa. Alájì ní kí n wá ibi tí n ó tẹ̀ kí kásẹ́ẹ̀tì lè padà sẹ́yìn lára rẹ̀. Mo wá a títí, kò sí. Iwájú nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ. Bí o bá fẹ́ pa dà, àfi kí o yọ kásẹ́ẹ̀tì, kí o dojú rẹ̀ dé, kí o máa méfò. Dúdú ní bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn, ó le bí eyín ẹṣin.

“Ọ̀rọ̀ àgbà,” ni Alájì wí, “èèyàn kì í gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kó yé e.”

A ná an, a bínú, a tún un ná. Owó aṣọ tí mo ń tọ́jú de ọdún iṣu tuntun ló bá a lọ, ó sì fi òkúta bátìrì rédíò ṣe ènì fún mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi kásìkì náà dé orí, ariwo Savalou sì jìnnà sí mi. Ẹnu ìgbà yẹn ni ọ̀gá wọlé. Ó kí mi, n kò gbọ́. Ó tún kí mi. Àfi bí ó ṣe gbé awọ kan kúrò ní etí mi. “Kamaráàdì, bírò kọ́ nilé ijó.”

Dípò kí n ṣàlàyé, mo bọ́ ọ, mo fi dé òun náà lórí. Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀wé yíjú sí wa. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè.

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ tó báyìí?”

“Ẹ̀yin ni, kamaráàdì ọ̀gá.”

Ó tún tẹ́tí. Ó dúró, ó dúró. “Ṣé bí mo ṣe ń ṣe nìyí?”

“Ẹ máa ń sinmi nígbà mìíràn, bí ẹ bá fẹ́ mumi.”

Mo rò pé mo ti pàdánù iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ńlá, ẹ̀rín ẹni tó rí ara rẹ̀ nínú dígí lójijì. Ó bọ́ kásìkì náà jẹ́jẹ́. “Àwọn obìnrin náà dà?”

“Wọ́n wà lábẹ́ ohùn yín. Ẹ fún mi láyè, n ó yọ wọ́n.”

Mo yọ wọ́n lóòótọ́. Mo gbọ́ gbólóhùn kan, mo dá a padà, mo tún un gbọ́, títí ìka mi fi ń ro mí. Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn wọn ń yapa síra wọn. Ìyá àgbà kan tó ń wúkọ́ ló kọ́kọ́ yé mi. Ó ní, “Ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí yẹn, ibẹ̀ lomi ìdọ̀tí agbo ẹran ń gbà kọjá nígbà òjò. Apá ibi igi kajú ló yẹ kó wà.” Obìnrin mìíràn dáhùn pé, “Ta ni yóò sọ fún un? Kò tíì pa ẹnu dé láti àárọ̀.” Gbogbo wọn rọra rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ lérán, mo ro ti gbólóhùn kejì yẹn. Lẹ́yìn náà, mo tẹ òun náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ọ̀gá ka ìwé náà lójú mi. Nígbà tó débẹ̀, ó dúró.

“Wọ́n sọ èyí?”

“Wọ́n sọ ọ́, kamaráàdì ọ̀gá.”

Ó ká ìwé sápò. “Gbé kásìkì rẹ. À ń lọ sí Akpassi.”

Èmi ni mo jókòó lẹ́yìn alùpùpù, eruku pupa ń bò wá, mo di rédíò dúdú mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Ní ìpàdé ọjọ́ yẹn, ọ̀gá kí wọn, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí baálẹ̀ fi rọra bi mí bóyá eyín ló ń dùn ún. Mo dáhùn pé àwọn ìyá ló fẹ́ gbọ́. Nígbà tó yá, ìyá tó ń wúkọ́ yẹn dìde, ó ní dípò kí òun máa ṣàlàyé, kí gbogbo èèyàn tẹ̀ lé òun. Gbogbo wa tẹ̀ lé e lọ wo ipasẹ̀ omi ìdọ̀tí náà, ó gbẹ́ ilẹ̀ bí ìlà ojú, ó kọjá gan-an níbi tí wọ́n ti fi òkúta sàmì sí. Baálẹ̀ fi ọ̀pá kan ilẹ̀ náà. “Òótọ́ ni wọ́n sọ. A ò bi wọ́n ni.” Ó ju òkúta àmì náà nù fúnra rẹ̀, a sì rìn lọ sí apá ibi igi kajú. Ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kànga náà sí nígbà tí àwọn ará Cotonou fọwọ́ sí i.

Kí a tó kúrò, mo fi kásìkì dé ìyá àgbà náà lórí, lórí gèlè rẹ̀, mo sì tẹ kásẹ́ẹ̀tì ìpàdé àkọ́kọ́. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó gbọ́ ọ, ó ń mi orí, ó ń mi orí.

“Obìnrin yìí gbọ́n,” ni ó wí. “Ta ni?”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá.”

Ó yọ̀ǹda ọwọ́ mi, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kí n tún un gbọ́.”

Mo lo rédíò yẹn fún ọdún púpọ̀. Mo fi gbọ́ orin nígbà tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń yá a débi pé ìgbóná etí kì í kúrò lára awọ rẹ̀. Nígbà tí mo ń rà á, mo rò pé ẹ̀rọ ìlọta ni ọ̀tá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta kò ṣe wá ní ibi kankan, oúnjẹ ló ń lọ̀. Ariwo tó bo àwọn obìnrin Akpassi mọ́lẹ̀ jẹ́ ohùn èèyàn dáadáa kan tó fẹ́ ire fún wọn. Ẹ̀kọ́ yẹn kò kúrò lára mi mọ́. Títí dòní, bí a bá ń ṣèpàdé ẹbí ní Bantè, tí àwọn ọkùnrin wa bá ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, n kì í wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni mò ń wò, ẹnu tó ń mì tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni mò ń wá. Bí mo bá rí i, n ó dìde, n ó gbé àga mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó ní kó tún un sọ.