Ọwọ́ Tí Kò Mọ Ìsinmi

"Ẹ má ṣe nǹkan kan," olùkọ́ náà wí. "Ẹ kàn jẹ́ kí ilẹ̀ gbé yín."

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Gé-lẹ́ẹ̀kan dùbúlẹ̀ sórí ẹní rọ́bà, ó di ojú, ó gbìyànjú láti má ṣe nǹkan kan. Òun ló mọ aṣọ gé jù nínú ilé iṣẹ́ ìránṣọ náà. Bó bá ti gbé ẹ̀rọ ìgéṣọ lé aṣọ tí wọ́n tò lé ara wọn, kì í padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Gbọ̀ngàn ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n wà. Wọ́n ti ti àwọn tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òórùn ọbẹ̀ àná ṣì ń rú láti ara ilẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti gbọ́ ohun kan tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lórí rọ́bà, bí eku tó ń jẹ páálí.

Ó la ojú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni.

Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń yí lára ara wọn bí ẹni tó ń ran òwú, kò sì rán wọn níṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó dúró ṣinṣin. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí olùkọ́ fi ní kí wọ́n dìde.

Òun kọ́ ló ní kí wọ́n wá kọ́ òun ní yóógà. Ẹ̀yìn ló ń dun àwọn òṣìṣẹ́, torí pé àwọn tábìlì ìgéṣọ rẹlẹ̀ jù. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí wọn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n tábìlì tuntun wọ́n, olùkọ́ kan ò wọ́n. Wọ́n wá ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ni ní yóógà jẹ́jẹ́, irú èyí tí wọn kì í fò, tí wọn kì í làágùn: èèyàn á kàn tẹ̀ sórí tìmùtìmù, á wà bẹ́ẹ̀ títí àwọn iṣan yóò fi tú fúnra wọn. Wọ́n ní kì í ṣe túláàsì. Súpáfáísọ̀ kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù rẹ̀, kó lè mọ ẹni tí kò wá.

Gé-lẹ́ẹ̀kan mọ ohun tó rí. Agẹrun ni bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá di abẹ mú, ọwọ́ wọn á dúró bí òpó. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó, tí wọ́n ń retí oníbàárà, ni ìka wọn máa ń jó lórí orúnkún. Àwọn oníbàárà ò bá wọn jà. Wọ́n kàn ń kí wọn láti òdìkejì títì, wọ́n ń kọjá lọ. Nígbẹ̀yìn, ọmọ ló ń fi ṣíbí fún bàbá lóúnjẹ. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó rí ekòló á sá. Èyí tó rí lórí ẹní rọ́bà yìí kì í sì í ṣe ekòló.

Síbẹ̀, ó parọ́ fún ara rẹ̀. Ó ní ìdùbúlẹ̀ yẹn ló fà á. Kó tó di pé wọ́n ní kí òun sinmi, ọwọ́ òun dá ṣáká. Nítorí náà ó pinnu pé òun ò ní sinmi mọ́. Nílé, kò sígbà tí nǹkan kì í sí lọ́wọ́ rẹ̀: ìgbálẹ̀, ife, bàtà ọmọ.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé iná wà lórí àga ni?" ọkọ rẹ̀ bi í. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, ìjókòó niṣẹ́ rẹ̀. "Wá jókòó, ká jọ wo tẹlifíṣọ̀n."

"Tẹlifíṣọ̀n ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ." Ó gbé abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún ń fọ̀ ọ́.

Nínú gbọ̀ngàn, ó wá di ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ náà, fún ìdí tí kò dáa. Ìnara tí wọ́n ń kúnlẹ̀ ṣe, tí iwájú orí fi ń kan tìmùtìmù, ó fẹ́ràn rẹ̀, torí àyà rẹ̀ lè tẹ ọwọ́ náà pa. Èyí tí wọ́n ń jókòó tẹ̀ síwájú, ó lè di àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú. Èyí tó gbẹ̀yìn ló ń bà á lẹ́rù: kí èèyàn nà gbalaja bí òkú, kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kọjú sókè.

"Ẹ wá wo Gé-lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń mí bíi màlúù tó fẹ́ bímọ," Aláwàdà wí látorí ẹní tirẹ̀. Obìnrin tó ń bá Gé-lẹ́ẹ̀kan ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì kan náà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Wọ́n ní ká sinmi, ìwọ ń jà!"

"Gbẹ́nu dákẹ́, kí ilẹ̀ gbé ọ."

"Èmi? Ilẹ̀ yìí ò lágbára tó bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ rí ìka tó yọ jáde lábẹ́ ìbàdí Gé-lẹ́ẹ̀kan, tó ń yí. Ó gbé àpò yanrìn kékeré kan lé e. Ọwọ́ náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin náà ò tètè gbé ọwọ́ tirẹ̀ kúrò lórí àpò náà, Gé-lẹ́ẹ̀kan sì mọ̀ pé àṣírí ti tú.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin náà sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ti pẹ́ tí ọwọ́ yín ti ń ṣe báyìí?"

"Ó kàn rẹ̀ mí ni."

"Ọwọ́ tó rẹ̀ máa ń gbọ̀n nídìí iṣẹ́. Tiyín ń gbọ̀n nígbà ìsinmi. Ẹ lọ rí dókítà, mà. Oògùn wà tó lè dín in kù."

"Ta ló ń sanwó fún ọ?"

"Ilé iṣẹ́ ni."

"Ṣé wàá sọ fún wọn?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ká ẹní kan tán kó tó fèsì. "Wọn ò tíì bi mí."

Kò sọ pé òun ò ní sọ. Bóyá èèyàn rere ni. Ṣùgbọ́n èèyàn rere tó ń jẹun lọ́wọ́ ọ̀gá ẹni, ìwọ̀nba là ń fọkàn tán an.

Láti ọjọ́ náà, bí súpáfáísọ̀ bá pe ẹnikẹ́ni, Gé-lẹ́ẹ̀kan ló ń kọ́kọ́ yíjú. Ẹ̀rọ ìgéṣọ ló mọ̀, kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Aláwàdà ló ń tẹ́ aṣọ fún un, òun ló sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ na án kó má ká, níwájú abẹ gan-an. Ìbọ̀wọ́ onírin wà fún iṣẹ́ yẹn. Inú àpótí ni wọ́n tì í mọ́ kó má baà sọnù. Irin kan tún wà tó yẹ kó máa bo abẹ nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Gbogbo wọn ló ń gbé e sókè, torí pé sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò, àwọn tó ń ṣírò aṣọ ò sì fẹ́ àwáwí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Gé-lẹ́ẹ̀kan dúró kí Aláwàdà na aṣọ tán. Ọwọ́ rẹ̀ sinmi lórí ẹ̀rọ. Aláwàdà ń sín ìyá ọkọ rẹ̀ jẹ, Gé-lẹ́ẹ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ìka rẹ̀ sì ń jó lórí bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ ké. Ó yọ̀ síwájú. Etí apá aṣọ Aláwàdà já bọ́ sórí tábìlì bí èèpo.

Aláwàdà wo apá aṣọ rẹ̀, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀. "Háà! Ṣé o fẹ́ fi mí rán ṣòkòtò ni? Pẹ̀lú ara tí mo ní yìí? Kọ́tìnnì ni kí o fi mí rán!"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Gé-lẹ́ẹ̀kan ò lè rẹ́rìn-ín. "Bọ́tìnnì yẹn ti gbó," ó wí.

Aláwàdà rẹ ohùn sílẹ̀. "Bọ́tìnnì kọ́. Mo ti ń rí i, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti pẹ́."

"O mọ̀, o sì ń gbé ọwọ́ síwájú abẹ?"

"Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ, wọ́n á lé ọ."

Gé-lẹ́ẹ̀kan ti rò pé ohun tó burú jù ni kí ẹnì kan rí i. Ẹnì kan ti ń rí i, ó sì ń tẹ́ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ fún un lójoojúmọ́, ó ń dápàárá lé e lórí. Ẹ̀rù mìíràn wọ inú rẹ̀, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé nínú gbọ̀ngàn, tó kan ìnara tó gbẹ̀yìn, ó nà gbalaja. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ itan, ó tẹ́ ẹ sórí rọ́bà, ó sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀: kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Aláwàdà na ọwọ́ tirẹ̀ láti bò ó.

"Fi í sílẹ̀," Gé-lẹ́ẹ̀kan sọ lábẹ́lẹ̀.

"Súpáfáísọ̀ ń wo ọ̀dọ̀ wa!"

"Kó máa wò ó."

Bàtà súpáfáísọ̀ ń bọ̀ lórí ilẹ̀. Ọmọkùnrin tí àbúrò ìkẹyìn Gé-lẹ́ẹ̀kan jù lọ́jọ́ orí ni. Ó dúró tì í. "Màmá, kí ló ń ṣe ọwọ́ yín?"

"Ó ń gbọ̀n, ọ̀gá."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí ẹ ti ní ká sinmi. Ẹ má fi mí sídìí ẹ̀rọ mọ́. Ó ti gé apá aṣọ èèyàn."

Olùkọ́ ń wo tìmùtìmù.

Àwọn aláṣẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Gé-lẹ́ẹ̀kan pé olóòótọ́ ni, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ká aṣọ, níbi tí owó ti kéré. Wọ́n fi ọmọbìnrin kan tí kò tíì mọ ẹ̀rọ náà dáadáa rọ́pò rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ onírin ṣì wà nínú àpótí. Àwọn aláṣẹ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri gbọ̀ngàn: ẹ̀kọ́ yóógà ń so èso rere. Aláwàdà ya ìwé náà, kò sì dápàárá kankan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ, Gé-lẹ́ẹ̀kan wọlé, kò gbé abọ́, kò gbé ìgbálẹ̀. Ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ọkọ rẹ̀ wo ọwọ́ náà, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó tún wo ọwọ́ náà. Ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Bíi ti bàbá wa?"

"Bíi tiwọn."

"A ó lọ rí dókítà lọ́la."

"A ó lọ."

Ìka náà ń jó láàárín wọn. Gé-lẹ́ẹ̀kan ń wò ó bí ó ṣe ń wo ti bàbá nígbà kan, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀rù ń bà á. Kò dìde.